Níbo Ni Ẹni Tí Ó Ya Fọ́tò Náà Dúró Sí?

"Fọ́tò kì í purọ́." Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò, ó dájú pé o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ènìyàn, bóyá ìwọ gan-an tilẹ̀ ti sọ ọ́ rí. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, tí ẹnìkan sì fa fọ́tò yọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé ojú ti rí, kí ẹnu dákẹ́. Bí wọ́n bá gbé gbólóhùn yìí kalẹ̀ fún ọ nínú ìdánwò, tí wọ́n ní kí o sọ èrò tìrẹ, kí ni ìwọ yóò kọ? Èmi yóò sọ èrò tèmi fún ọ. Ní ojú tèmi, ẹlẹ́rìí ni fọ́tò. Ẹlẹ́rìí lè jẹ́ olóòótọ́, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣi ilé-ẹjọ́ lọ́nà, nítorí pé ibi tí ó dúró sí nígbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ kò jẹ́ kí ó rí ju apá kan lọ. Adájọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bi í pé, "Níbo ni o dúró sí?" Ìbéèrè yìí náà ni ó yẹ kí á máa bi fọ́tò kí á tó gbà á gbọ́, pàápàá fọ́tò ilé ńlá, fọ́tò ọkọ̀ òfuurufú, àti fọ́tò òkè àti odò.

Kí o má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ, jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ó ṣojú mi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kan tí mo ti ṣe olùkọ́, ẹgbẹ́ àwọn òbí àti olùkọ́ dá owó jọ láti fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́fà fún àwọn ọmọ kíláàsì ìkẹyìn. Bíríkìlà àdúgbò kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ọmọ tirẹ̀ náà ń kàwé lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ó parí iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tẹ kàlẹ́ńdà, wọ́n sì fi fọ́tò ilé tuntun náà sí i. Ẹni tí ó ya fọ́tò náà kò rí àyè rìn sẹ́yìn, nítorí pé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ó dúró sí ìdí ilé náà, ó da orí kámẹ́rà rẹ̀ sẹ́yìn kí òrùlé lè wọlé, ó sì tẹ̀ ẹ́. Nínú kàlẹ́ńdà, ògiri ọ̀tún tẹ̀ sí òsì, ògiri òsì tẹ̀ sí ọ̀tún, ilé náà sì rí bí ẹni pé ó fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Àwọn òbí kan wà tí wọn kò gbé ìlú náà, tí wọn kò tíì fi ojú ara wọn rí ilé náà. Nígbà tí ìpàdé dé, ọ̀kan nínú wọn dìde, ó gbé kàlẹ́ńdà sókè, ó ní, "Ẹ wò ó fúnra yín! Ògiri ti wọ́! Ọkùnrin yìí ti jẹ owó sìmẹ́ǹtì wa! Fọ́tò kì í purọ́!" Bí ìdajì ìpàdé ti kígbe "Òótọ́ ni!" nìyẹn. Wọ́n ní àwọn kò ní san ìyókù owó rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí á fi ọlọ́pàá mú un. Bíríkìlà náà kò fèsì. Ó lọ sí ilé, ó mú okùn rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n so irin wíwúwo mọ́ ní ìdí. Ó gun orí ilé, ó fi igi kékeré ti okùn náà kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ó sì jẹ́ kí irin náà sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀. Ó ní kí ẹni tí ó gbé kàlẹ́ńdà wá wọn àyè tí ó wà láàárín okùn àti ògiri ní ìsàlẹ̀. Ìka mẹ́ta náà ni. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìka mẹ́ta, ìka mẹ́ta. Wọ́n san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ nínú wọn, ó sì kó ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ìparí sáà.

Kí ni ó fà á tí ògiri tí kò wọ́ fi wọ́ nínú fọ́tò? Mú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, pa á dé, kí o gbé e dúró ṣánṣán ní ọ̀kánkán ojú rẹ. Di ojú kan. Etí ọ̀tún àti etí òsì rẹ̀ ń lọ tààrà. Wàyí, ti orí ìwé náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi jìnnà sí ọ ju ìdí rẹ̀ lọ. Ìwọ yóò rí i pé etí méjèèjì ń sún mọ́ ara wọn lókè. Ohun tí ó bá jìnnà a máa kéré lójú ju ohun tí ó wà nítòsí lọ. Òfin kan ṣoṣo yìí ni ó wà ní ìdí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí o bá da kámẹ́rà sẹ́yìn ní ìdí ilé gíga, bí ìgbà tí o ti orí ìwé sẹ́yìn ni. Bí o bá gbé kámẹ́rà dúró ṣánṣán tí o kò dà á, ògiri yóò dúró ṣánṣán nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n òrùlé lè má wọlé, kí ilẹ̀ lásán sì gba ìdajì àwòrán.

Lọ sí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, kí o dúró sí ìdí Cocoa House. Ilé alájà 26 ni, ó ga tó 105 mítà, ọdún 1965 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Fọ́tò tí o bá yà láti ìdí rẹ̀ yóò rí bí pẹ́ńsù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Wàyí, gun ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Ààrẹ, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936, kí o sì ya ilé kan náà láti ibẹ̀. Yóò dúró ṣánṣán láàárín òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, kékeré bí ìṣáná. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ilé náà ni ọba, kò sí ìlú rárá. Nínú èkejì, ìlú ni ọba, ilé náà kàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ga ju ẹgbẹ́ lọ. Èwo ni irọ́ nínú méjèèjì? Kò sí.

Àwọn tí ó ń fi fọ́tò ilé ṣe iṣẹ́ jẹun mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tún ògiri ṣe. Kámẹ́rà ńlá àtijọ́ tí wọ́n ń gbé ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta gba ẹni tí ó mú un láàyè láti gbé lẹ́ǹsì nìkan sókè nígbà tí ẹ̀yìn kámẹ́rà ṣì dúró ṣánṣán. Òrùlé a wọlé, ògiri kò sì ní wọ́. Àwọn lẹ́ǹsì kan wà lónìí tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Èmi kò kórìíra ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lò ó láti ìdí ilé tí ó ga púpọ̀, ilé náà a máa rí bí ẹni tí orí rẹ̀ wú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹni tí ó ń ya fọ́tò tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé iwájú, kí ó gun àjà kejì tàbí ìkẹta, kí ó ti ojú fèrèsé ya ilé náà. Kì í ṣe ibi gbogbo ni èyí ti ṣeé ṣe. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, wà ní àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ ilé. Bí o bá ń fi ẹ̀yìn rìn kí gbogbo rẹ̀ lè wọ inú kámẹ́rà, ẹ̀yìn rẹ yóò kan ògiri onílé kejì kí o tó rí ohun tí o ń wá.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa ìlà inú fọ́tò, nítorí pé ó ṣe mí láǹfààní gan-an lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì. Dúró sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, kí o wo ọ̀kánkán. Ìlà àjà ń sọ̀ kalẹ̀ bí ó ti ń jìnnà sí ọ. Ìlà ilẹ̀ ń gòkè bí ó ti ń jìnnà. Bí o bá fi ojú tẹ̀ lé wọn, wọn yóò fẹ́ pàdé níbì kan, ibẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú gíga ojú rẹ gan-an. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìpàdé wọn náà yóò wá sílẹ̀. Bí o bá gun àga, yóò gòkè tẹ̀ lé ọ. Ìlà tí ó ga ju ojú rẹ lọ a máa sọ̀, ìlà tí ó relẹ̀ sí ojú rẹ a máa gòkè, èyí tí ó bá sì dọ́gba pẹ̀lú ojú rẹ a máa lọ tààrà. Bí kámẹ́rà náà ti ń ríran nìyẹn. Nítorí náà, bí a bá fún ọ ní fọ́tò ilé tí a kò da kámẹ́rà rẹ̀, rúlà àti pẹ́ńsù tó láti fi mọ bí kámẹ́rà ti ga tó nígbà tí wọ́n yà á. Ẹlẹ́rìí náà ti sọ ibi tí ó dúró sí. Àwa ni a kì í bi í.

Ẹ jẹ́ kí á kúrò lórí ilẹ̀ wàyí, kí á wo ojú òfuurufú.

Bóyá o ti rí fọ́tò bàlúù ńlá tí ó dà bí ẹni pé ó ń fi ikùn nu aṣọ tí àwọn ènìyàn sá sí orí ilé. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Kai Tak ní Hong Kong, tí wọ́n tì pa ní oṣù keje ọdún 1998, ni ọ̀pọ̀ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti wá. Òtítọ́ ni pé àwọn bàlúù náà ń fò wálẹ̀ gan-an lórí àwọn ilé Kowloon kí wọ́n tó bà. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ti wálẹ̀ mọ, fọ́tò sì ti fi kún un. Báwo?

Fi ọkàn rẹ gbé òpó iná méjì kalẹ̀, kí gíga wọn dọ́gba, kí ìkejì wà ní 100 mítà sí ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́. Bí o bá dúró ní 100 mítà sí òpó àkọ́kọ́, ìkejì wà ní 200 mítà sí ọ, ìdajì ti àkọ́kọ́ ni yóò sì dà lójú rẹ. Wàyí, fi ẹ̀yìn rìn títí ìwọ yóò fi jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ní 1,000 mítà. Ìkejì wà ní 1,100 mítà. Òpó méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú rẹ, bí ẹni pé wọ́n jọ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan òpó kankan. Ìwọ ni o rìn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bàlúù àti òrùlé nìyẹn: ẹni tí ó ya fọ́tò dúró sí òkèèrè réré, ó sì fi lẹ́ǹsì gígùn fa àwòrán náà mọ́ra, àlàfo àárín bàlúù àti ilé sì pòórá.

Àwọn ènìyàn a máa di ẹ̀bi ru lẹ́ǹsì gígùn. Lẹ́ǹsì kò jẹ̀bi. Bí o bá dúró sí ibi kan náà, tí o fi lẹ́ǹsì kúkúrú ya gbogbo àdúgbò, tí o wá gé àárín fọ́tò náà jáde, tí o sì fẹ̀ ẹ́, bàlúù àti òrùlé yóò sún mọ́ ara wọn bákan náà gẹ́lẹ́, bí àwòrán náà kò tilẹ̀ ní mọ́lẹ̀ dáadáa. Ibi ìdúró ni ó sún wọn mọ́ra. Lẹ́ǹsì kàn jẹ́ kí á rí i ni.

Ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, ojú ọ̀nà méjì wà tí bàlúù ń bà sí, wọ́n jọ lọ ní ìbú ara wọn, àlàfo tí ó wà láàárín wọn sì tó bí 230 mítà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, bàlúù méjì a máa bọ̀ papọ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ nígbà náà a máa ya fọ́tò tí ọ̀kan ti gun orí èkejì, ẹni tí kò mọ ibẹ̀ a sì máa sọ pé orí ni ó kó wọn yọ. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ a máa bà mí lọ́kàn jẹ́ díẹ̀, nítorí pé àwọn awakọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ wọn bí ó ti tọ́ ni a ń wò bí aláìbìkítà, bí wọ́n ti wo bíríkìlà wa.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò bàlúù lè rí ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́ nínú rẹ̀. Mú bírò rẹ, kí o kọ ẹnu rẹ̀ sí ojú rẹ ní ọ̀kánkán, ṣùgbọ́n má mú un sún mọ́ ojú. Gígùn rẹ̀ ti sọnù, àmì róbótó kan ni ó kù. Ọkọ̀ òfuurufú Boeing 747-400 gùn ju 70 mítà lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá dojú kọ ọ́ láti òkèèrè, ìwọ kò ní rí nǹkan kan nínú gígùn yìí. Orí, apá àti ẹ́ńjìnnì nìkan ni. Bí o bá sì sún mọ́ imú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí o fi lẹ́ǹsì tí ó ń kó ibi púpọ̀ yà á, imú rẹ̀ yóò wú bí igbá ńlá, ìrù rẹ̀ yóò sì kéré bí ti èkúté. Bàlúù kan ṣoṣo ni.

Fọ́tò tí ó lókìkí jù nínú èyí tí ènìyàn ti ojú ọkọ̀ yà, mo rò pé ti William Anders ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1968, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ń yí òṣùpá ká nínú Apollo 8, ó sì ya ilé ayé wa bí ó ti ń yọ láti ẹ̀yìn òṣùpá. Bí ó ti wà nínú kámẹ́rà rẹ̀, ara òṣùpá wà ní ẹ̀gbẹ́ bí ògiri, kò sí nísàlẹ̀ bí ilẹ̀. Ìwé ìròyìn ni ó dà á, tí òṣùpá fi di ilẹ̀, tí ayé sì ń là bí oòrùn. Èmi kò bá wọn jà, nítorí pé níbi tí wọ́n wà kò sí òkè, kò sí ilẹ̀. Síbẹ̀ ó yẹ kí ẹni tí ó ń wò ó mọ̀ pé àwa tí a wà nílé ni a pinnu ibi tí ẹsẹ̀ yóò wà.

Nígbà tí mo ti dárúkọ òṣùpá, jẹ́ kí n fi ìṣirò kan kún un. O ti lè rí fọ́tò ilé gogoro kan tí òṣùpá ńlá bí agbada wà lẹ́yìn rẹ̀, kí o sì rò pé àrékérekè ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ dandan. Òṣùpá jìnnà sí wa ní bí ìlọ́po 110 ìbú ara rẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá jìnnà sí ọ ní ìlọ́po 110 gíga rẹ̀ yóò dọ́gba pẹ̀lú òṣùpá lójú rẹ. Ṣe ìṣirò ti Cocoa House: 105 mítà lọ́nà 110 jẹ́ 11,550 mítà, ìyẹn kìlómítà 11 àti ààbọ̀. Bí o bá rí òkè kan tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, tí nǹkan kan kò sì dí ọ lójú, òṣùpá tí ó bá yọ lẹ́yìn ilé náà yóò ga tó o. Bí o bá dúró ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀nà yẹn, ilé náà yóò ga ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn tí ń ya irú fọ́tò yìí a máa wo ìwé ilẹ̀, wọn a máa ka wákàtí, wọn a sì máa rìn jìnnà. Ọ̀wọ̀ ni mo ní fún wọn. Kámẹ́rà tilẹ̀ sàn ju ojú lọ níbí: òṣùpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ a máa tóbi lójú wa ju ti ọ̀gànjọ́ òru lọ, ṣùgbọ́n bí o bá fi lẹ́ǹsì kan náà ya méjèèjì tí o sì wọn wọ́n, wọn kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí Ọlọ́run dá lè ṣi ni lọ́nà ju èyí tí ọwọ́ ènìyàn kọ́ lọ, nítorí pé òkè kò ní ilẹ̀kùn, odò kò sì ní fèrèsé tí a lè fi wọn gíga rẹ̀. Lọ sí oko, wá òkìtì ọ̀gán kan, dọ̀bálẹ̀ kí o ya á láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú ọ̀run nìkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Fi han ọ̀rẹ́ rẹ, yóò bi ọ́ bóyá Ìdànrè ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn fọ́tò òkè Olúmọ tí ènìyàn kan dúró sí nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ alágbàṣe tí ó kàn ń kọjá lọ ni. Omi tí ń dà ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje, ṣùgbọ́n ìpele ìsàlẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn àlejò ti rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn pírámíìdì Íjíbítì: fọ́tò inú ìwé ìtàn fi wọ́n sí àárín aṣálẹ̀ tí kò sí ẹ̀dá kankan, bẹ́ẹ̀ ìlú Giza wà ní ẹsẹ̀ wọn, pẹ̀lú ilé àti ọkọ̀ àti ariwo ọjà. Ẹni tí ó ya fọ́tò kẹ̀yìn sí ìlú náà ni, tàbí kí ó gba ẹ̀yìn yọ sí i láti inú aṣálẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣé gbogbo fọ́tò ti di ẹ̀tàn lójú yín nìyẹn, sà?" Rárá o. Mi ò sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò ayédèrú tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ìyẹn irọ́ gidi ni, àròkọ tirẹ̀ sì yàtọ̀. Yíyan ibi ìdúró ni iṣẹ́ ẹni tí ń ya fọ́tò, gẹ́gẹ́ bí yíyan ọ̀rọ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ nínú àròkọ. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó kú ní ọdún 2014, bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní ọdún 1968. Ẹ̀yìn orí ni ó ti ya púpọ̀ nínú wọn. Ìwọ kò ní rí ojú obìnrin náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ onídìrí wà, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí. Ohun tí mo ń bèèrè kò ju kí ẹni tí ó ń wò ó mọ̀ pé ẹnìkan ni ó yan ibẹ̀.

Èmi tí mo ń wí yìí náà ti gbàgbé rí, ó sì ná mi lówó. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo fẹ́ kó lọ sí ìlú tí àwọn ọmọ mi wà. Ajẹ́ńtì ilé kan fi fọ́tò pálọ̀ kan ránṣẹ́ sí orí fóònù mi. Pálọ̀ náà gbòòrò bí gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Mo san owó ilé ọdún kan láti inú owó ìfẹ̀yìntì mi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Àga mi mẹ́ta kò gba inú rẹ̀. Mo bínú sí ajẹ́ńtì, òun sì ń wò mí sùn-ùn. Ó ní, "Bàbá, ṣé pálọ̀ yìí kọ́ ni ẹ rí nínú fọ́tò?" Òun náà ni. Ó kàn fẹ̀yìn ti igun yàrá, ó fi lẹ́ǹsì tí ń kó ibi púpọ̀ yà á, ògiri iwájú sì sá lọ réré. Bí wọ́n bá ní kí ó fi ẹnu kan irin búra, irin kò ní pa á.

Ọdún yẹn parí, mo tún ń wá ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi rí òmíràn, ó sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ilé náà lẹ́wà, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni. Mo ní kí ó tún ya márùn-ún sí i, kí ó sì máa sọ ibi tí ó dúró sí fún mi. Márààrún dára. Mo wá padà sí èyí àkọ́kọ́, èyí tí ó yà láti ojú títì. Ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, nítorí náà kò da fóònù rẹ̀. Mo tẹ rúlà lé ìlà fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ilé náà: ó ń gòkè bí ó ti ń jìnnà. Mo tẹ̀ ẹ́ lé etí òrùlé: ó lọ tààrà, kò gòkè, kò sọ̀. Mo pe ọmọ náà lórí fóònù.

Mo ní, "Nígbà tí o ya ti àkọ́kọ́, ṣé o gun nǹkan kan ni?"

Ó ní, "Rárá, sà. Orí títì ni mo dúró sí."

Mo ní, "Ojú rẹ wá dọ́gba pẹ̀lú òrùlé ilé. Ṣé inú kòtò ni ilé náà wà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó relẹ̀ díẹ̀, sà. Àwọn ará ibẹ̀ ní omi máa ń wọlé bí òjò oṣù kẹsàn-án bá pọ̀."

Ilé mìíràn ni a gbà.